Apá Tí Ojú Mi Kò Rí

Dókítà Akíndúró ní kí n fi apá sí i. Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni ní kí n fi iyọ̀ díẹ̀ kún ọbẹ̀, ó sì ti bébà mi padà sí mi lórí tábìlì. Alẹ́ mọ́kànlá ni mo fi ya àwòrán tó wà lórí bébà yẹn. Mo wo bébà, mo wo òun náà.

"Apá wo?"

"Apá agbo ìràwọ̀ yẹn ni, Màmá. Ẹ wo bí fọ́tò rẹ̀ ṣe rí."

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Agbo ìràwọ̀ náà, ohun tí òyìnbó ń pè ní gálásì, ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó lọ́ pọ̀ bí ìkarahun ìgbín, apá rẹ̀ yí i ká, búlúù níhìn-ín, pupa lọ́hùn-ún, ó ń dán yinrinyinrin. Lórí bébà tèmi, kò sí búlúù, kò sí pupa. Nǹkan gígùn kan ló wà níbẹ̀, tó nípọn láàárín, tó sì ń parẹ́ lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka kan eérú tó sì fà á lórí bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìràwọ̀ kéékèèké méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó parí. Ohun tí mo rí nìyẹn.

"Dókítà," mo ní, "n kò rí apá kankan."

"A mọ̀ pé ó ní apá, Màmá. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Kí gbogbo ayé yà á nígbà náà."

Àwọn tó wà nídìí tábìlì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, n kò ṣe àwàdà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ring Road. Ẹgbẹ́ àwa tí a fẹ́ràn ìràwọ̀ ń palẹ̀ mọ́ fún àfihàn àwòrán, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni àlejò yóò dé. Dókítà ni alága wa. Olùkọ́ físíìsì ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò tíì pé ogójì ọdún, ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀wé. Lẹ́yìn àfihàn, wọ́n máa tẹ àwọn àwòrán wa sínú ìwé kan fún àwọn ọmọ girama, tèmi ni wọ́n sì ti sọ pé yóò wà lójú ìwé àkọ́kọ́, pẹ̀lú orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀: Ràfátù Àdìó ló yà á.

Iṣẹ́ mi ni yíyà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ya máàpù ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní í dárúkọ, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta báyìí, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n rárá. Ojú ló ń ṣe mí. Àrùn gulakómà mú tòsì lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Tọ̀tún ló kù, dókítà ojú sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò bá mi dọ́jọ́ alẹ́.

Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí Dókítà fi rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó rí i pé n kò mú pẹ́ńsù. Ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Apá yẹn wà níbẹ̀. Ojú yín ni."

Mo wo Safiyyah tó jókòó ní ìpẹ̀kun tábìlì. Ayálégbé mi ni, ó ń gbé ní bọ́ìsì-kọ́tà mi ní Bódìjà, físíìsì ló sì ń kà. Òun ló fi páìpù omi àti dígí ṣe awò awọ̀nàjíjìn tí mo fi wo agbo ìràwọ̀ náà. Gbogbo alẹ́ mọ́kànlá yẹn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí mò ń wò. Mo retí kó sọ̀rọ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀. Dókítà yìí kan náà ni ọ̀gá rẹ̀ tí yóò fọwọ́ sí iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀.

Mo ká bébà mi. Mo ní, "Ó dára," mo sì jáde. Ó dùn mí wọ eegun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìparí oṣù kẹwàá ni Safiyyah gbé páìpù funfun kan gun orí dékìn, òrùlé kọnkéré ilé mi. Mo rò pé ó fẹ́ tún táǹkì omi ṣe. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan." Òun ló sọ fún mi pé ní apá gúúsù ojú ọ̀run, agbo ìràwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ tuntun láìsinmi, ju bí wọ́n ṣe ń bí i nínú agbo tiwa lọ fíìfíì. Ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú mi lálẹ́ ọjọ́ náà ti wà lójú ọ̀nà láti bí ọdún mílíọ̀nù mọ́kànlá. Mo ní, "Ìmọ́lẹ̀ rin gbogbo ìrìn yẹn, kó tó wá bá ojú kan ṣoṣo tó kù fún mi?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wọlé lọ mú pẹ́ńsù.

Lákọ̀ọ́kọ́, n kò rí nǹkan kan. Mo ranjú, mo tún ranjú, òkùnkùn ni mo rí. Safiyyah ní, "Mọ́mì, ẹ má wò ó lójú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Ó ní bí Ọlọ́run ṣe dá ojú nìyẹn, pé ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré. Ẹ̀rín pa mí. Ohun tí wọ́n ti fi kọ́ mi láti kékeré ni. Nílé bàbá mi, ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà, ìgbátí ni yóò fi panu. Bí àgbà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìwọ yóò máa wò, síbẹ̀ kò sí ohun tí àgbà náà ń ṣe tí o kò ní í rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bọ̀wọ̀ fún agbo ìràwọ̀ náà. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì yọ sí mi wẹ́rẹ́, bí àlejò tó ti ń retí kí wọ́n kí òun dáadáa kó tó jókòó.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti kírun ìṣáì tán, orí dékìn ni mo ń lọ. Àmọ́ kò ṣeé rí bí NÉPÀ bá mú iná wá, torí iná àdúgbò á bo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo Bódìjà ń ṣépè fún àwọn oníná, èmi nìkan ni mò ń ṣàdúrà fún wọn. Bí iná bá ti lọ, tí àwọn ará ilé kejì ti ké "Yéè!", èmi á ní "Alhamdulillahi," n ó sì gun àkàsọ̀. N ó fi híjáàbù dúdú bo orí mi àti ẹnu awò níbi tí mò ń gbójú lé, n ó fi náílọ̀nù pupa di tọ́ọ̀ṣì kó má baà ba ojú mi tí òkùnkùn ti mọ́ lára jẹ́. N ó wò, n ó fà á lẹ́ẹ̀kan. N ó tún wò. Ọjọ́ mìíràn, gbogbo ohun tí mo bá rí kún un kò ju bí ẹ̀fọn ṣe tóbi lọ. Bí ọjọ́ kan kò bá fi nǹkan kan hàn mí, n kì í fi nǹkan kan kún un.

Ìdí wà tí n kì í fi í kún un.

Ní ọ́fíìsì wa láyé ọjọ́sí, irú ilà méjì la ní. Ohun tí a bá fi ẹsẹ̀ rìn, tí a fi ṣéènì ìwọnlẹ̀ wọ̀n, ilà gbọọrọ là ń fà sí i. Ohun tí wọ́n kàn sọ fún wa, tàbí tí wọ́n ṣì ń gbèrò láti ṣe, dótì-dótì ni. Ọmọdé tó bá kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ nìyẹn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, nígbà tí ọ̀gá mi gbé máàpù apá Challenge kan síwájú mi. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì là, dótì-dótì ni. Ó ní, "Ràfátù, so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà yẹn ò ní í pẹ́ débẹ̀."

Mo so wọ́n pọ̀. Ọwọ́ mi dára, ilà náà gún régé.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, katakátá dé. Ilé Bàbá Ikúbọlájẹ́, káfíńtà, wà lójú ilà mi, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbèrò ọ̀nà náà. Wọ́n na máàpù sí i. Wọ́n ní ọ̀nà ti wà tipẹ́, òun ló lọ kọ́lé sójú ọ̀nà. Ó ní irọ́ ni. Wọ́n ní máàpù kì í purọ́. Mo gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì, mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó ń ṣa páànù òrùlé rẹ̀ jọ láàárín ẹrọ̀fọ̀, ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí àpótí. Ó wo òṣìṣẹ́ tó mú máàpù dání, ó bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́, "Ẹni tó yà á, ṣé ó débí rí?"

N kò débẹ̀ rí. Mo dúró sáàárín èrò, mo pa ẹnu mi mọ́, mo sì padà sílé. Ojú ń tì mí títí di òní olónìí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti búra pé ohun tí ojú mi kò bá rí, ọwọ́ mi kò ní í fà á, bó jẹ́ ọba ló bẹ̀ mí.

Ẹ wáá wò ó, Dókítà fẹ́ kí n so dótì pọ̀ lójú ọ̀run.

Ṣùgbọ́n kí n má tan ara mi. Ní alẹ́ Jímọ̀ yẹn, n kò sùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó sọ ti wọ̀ mí lára. Bó bá jẹ́ ojú mi ni lóòótọ́ ńkọ́? Bí apá bá wà níbẹ̀ tí gbogbo ojú tó dá ṣáṣá ń rí, tó jẹ́ èmi nìkan ni kò rí i? Mo fẹ́ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n iná ò lọ. Gbogbo òru ni NÉPÀ fi tan Bódìjà bí ọjọ́ ọdún. Ọjọ́ tí mo nílò wọn ni wọ́n mọ iṣẹ́ wọn.

Láàárọ̀ Sátidé, Safiyyah wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi náà ò rí apá kankan."

"Ṣé àánú mi ló ń ṣe ọ́ ni?"

"Rárá, Mọ́mì. Wallahi, n ò rí i."

"Ṣé o lè sọ ọ́ níwájú rẹ̀?"

"N ò lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo lè bá yín gbé awò débẹ̀."

Mo ní kó dìde. Mo ní ẹni tó bá lè gbé awò ti ṣe tirẹ̀. Mo sì pinnu nǹkan kan lọ́kàn mi níbẹ̀, mi ò sọ ọ́ fún un. Dókítà ni n ó mú wo inú awò náà, òun gan-an, pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì tó dá pé. Bó bá rí apá, á jẹ́ pé òótọ́ ló sọ. N ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, n ó sì kó pẹ́ńsù mi dànù, torí ojú tí kò ṣeé gbà gbọ́ mọ́ kò gbọdọ̀ ya nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Takisí Micra ló gbé wa lọ. Páìpù yọ lójú fèrèsé bí ìbọn, ọ̀nà gbogbo ni wọ́n sì ti ń wò wá, láti Bódìjà títí dé Ring Road. A débẹ̀ kí aago méje tó lù. Iná ti lọ ní gbogbo agbègbè náà, jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn ló ń dún. Mo yọjú wọlé. Wọ́n ti fi fọ́tò ńlá kan dí àlàfo tèmi lára ògiri, búlúù àti pupa, apá lọ́tùn-ún, apá lósì. Àwọn àlejò dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò ara wọn.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo gbà lọ, níbi tí ògiri ti ṣíji bo àgbàlá. Iná ńlá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo pe Godswill, ọlọ́dẹ ibẹ̀, pé kó bá mi pa á.

"Mama, na security light be dat o. Oga go vex."

"Make e come vex for my front," mo ní. "Na am I dey wait."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó pa á. Òjò ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Safiyyah wá ìràwọ̀ tó máa ń fi júwe ọ̀nà, ó sún awò díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, lókè apá Challenge. Ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀, Mọ́mì." Mi ò wò ó. Mo fẹ́ kí ojú mìíràn ṣáájú tèmi.

Àwọn àlejò ti ń jáde wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láìpẹ́, Dókítà náà jáde, pẹ̀lú agbádá.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe nínú òkùnkùn?"

"Mo wá bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan ni. Ọdún mélòó lẹ ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa agbo ìràwọ̀ yìí?"

"Ó tó ọdún méjìlá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti fi ojú ara yín rí i?"

Ẹnì kan wúkọ́ láàárín èrò. Dókítà tún apá agbádá rẹ̀ ká sí èjìká. Ó ní, "Màmá, ẹ mọ̀ pé kò sí irinṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa. Fọ́tò la máa ń—"

"Irinṣẹ́ rèé. Páìpù omi ni, ṣùgbọ́n dígí inú rẹ̀ kì í purọ́. Ẹ sún mọ́ ọn."

Kò lè kọ̀, èrò ti pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú lé e. Mo rí i bó ṣe ń ranjú. Ó pẹ́ díẹ̀, ó gbórí sókè, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Màmá. Òkùnkùn lásán ni."

"Ojú yín ni," mo ní.

Ẹ̀rín bú láàárín àgbàlá. N kò purọ́, ó dùn mọ́ mi dé àtàǹpàkò. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú ti ń tì í, n kò sì wá síbẹ̀ láti dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Mo bọ́ híjáàbù òkè mi, mo dà á bo orí òun àti ẹnu awò, bí mo ti máa ń ṣe fún ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀.

"Má ranjú mọ́ ọn, ọmọ mi. Àgbà ni. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn? Gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní sùúrù fún un."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Áà. Màmá, ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́."

Inú mi dùn sí i, bí inú ṣe ń bí mi sí i tó. Mo rántí alẹ́ àkọ́kọ́ tèmi. Ọdún méjìlá ló ti ń sọ ìtàn ẹni tí kò bá pàdé rí.

Mo fi bébà funfun, pẹ́ńsù àti tọ́ọ̀ṣì pupa sí i lọ́wọ́. "Yà á," mo ní. "Ohun tí o bá rí ni kó o yà. Má fi nǹkan kan kún un, má sì yọ nǹkan kan kúrò."

Ó tó ìṣẹ́jú ogún tó fi wà lábẹ́ híjáàbù mi. Mo ń gbọ́ bí pẹ́ńsù ṣe ń ha bébà. Lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún wò ó pẹ́, mo sì rò pé apá ti yọ sí i nìyẹn. Safiyyah di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tó jáde, òógùn bò ó, agbádá rẹ̀ ti rún. Ó na bébà àti pẹ́ńsù sí mi. Mo gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, mo fi ojú kan tó kù fún mi wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò dára, ìràwọ̀ kékeré méjèèjì tóbi jù. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni nǹkan gígùn kan wà, tó nípọn láàárín, tó sì ń parẹ́ lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka kan eérú.

Mo ti bébà náà padà sí i.

"Ó dára, Dókítà," mo ní, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ṣùgbọ́n apá ńkọ́? Ẹ fi apá sí i."

Ó wo bébà. Ó wo àwọn èèyàn. Ó wo ojú ọ̀run fún ìgbà pípẹ́.

"N kò rí i, Màmá," ó ní.

Mo dá pẹ́ńsù padà sí i lọ́wọ́, mo ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà.